Àbúrò Mi àti Ẹ́ńjìnnì Eléyín Méjìlá

Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni àbúrò mi nígbà tó ní òun fẹ́ lọ gba oyè kejì ní yunifásítì. Apá aṣọ kan ni mò ń rán lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, mi ò tiẹ̀ gbójú sókè. Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni. Mo ní kó bá mi na sísọ́ọ̀sì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó nà án sí mi, ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ohùn rẹ̀ ò yí padà. Ìgbà yẹn ni mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Èmi ni mo kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán lẹ́yìn ìwé mẹ́fà. Òun ṣe sẹ́kọ́ńdírì, ó sì lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àbúrò bàbá wa, ẹni tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Kékeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tó bá fẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi, àfi kó tẹrí ba kí àtẹ́rígbà má baà gbá a níwájú orí. Iṣẹ́ Bàbá Kékeré ni wíwé wáyà. Tí fáànù bá jó, tí ẹ̀rọ tó ń fa omi bá jó, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Á tú wáyà tó ti jóná dànù, á wé tuntun sí i, á da fáníìṣì lé e, á gbé e sí oòrùn. Ọdún mọ́kàndínlógún ni àbúrò mi fi jókòó ti tábìlì yẹn. Ó lè máa wé wáyà kó máa sọ̀tàn fún ọ, kó máa rẹ́rìn-ín, kó sì mọ iye ìgbà tó ti wé e. Mo bi í nígbà kan bó ṣe ń ṣe é, ó ní ìka òun ló ń kà á, kì í ṣe ẹnu òun.

Ó gba oyè àkọ́kọ́ níbi tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ni, ọdún méje ló sì gbà á. Ẹnikẹ́ni ò kà á sí nǹkan kan, torí pé láàárọ̀, ibi tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí náà ló ń wà. Oyè kejì yìí ló dá wàhálà sílẹ̀, torí òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni, ọdún méjì gbáko. Ojú Bàbá Kékeré sì ti ń rẹ̀, kò rí wáyà tínínrín mọ́. Òun ti fi ọkàn sí i pé àbúrò mi lòun máa fa ṣọ́ọ̀bù lé lọ́wọ́.

Ohun tó fẹ́ lọ kọ́ ni ẹ́ńjìnnì tí kì í yọ èéfín, èyí tó ń fi bátìrì ti ọkọ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni tirẹ̀. Ilé wa kò jìnnà sí odò, ọkọ̀ kéékèèké ló ń kó wa sọdá. Ìyá wa gé tíkẹ́ẹ̀tì létí omi níbẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún, èéfín ẹ́ńjìnnì ló ń fà símú láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì, ikọ́ ò tíì fẹ̀yìn tì. Àbúrò mi ò jẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni pé torí ìyẹn ni. Tí wọ́n bá bi í, á ní òun kàn fẹ́ràn ẹ́ńjìnnì tí kì í pariwo.

Mọ́kànlá ni wọ́n ní kíláàsì wọn, òun ló dàgbà jù. Ó tiẹ̀ ju méjì nínú àwọn olùkọ́ wọn lọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wọlé, gbogbo kíláàsì dìde kí i, wọ́n ń retí kó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ó ní kí wọ́n jókòó, òun náà sì wá àga kan jókòó sí lẹ́yìn, láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Màmá Kíláàsì. Orúkọ yẹn ò bí i nínú. Ohun tó dà á láàmú ni ìṣirò. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn á ya ìlà lórí kọ̀ǹpútà, ìlà náà á yí ká irin bí omi tó ń yí òkúta ká, wọ́n á ní bí agbára òòfà ṣe ń rìn nìyẹn. Òun ò rí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé orí lé tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ, ó ń sunkún. Mo jẹ́ kó sun ún díẹ̀, ìgbà tó yá ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sún síbòmíràn, torí aṣọ oníbàárà mi ló gbé ojú lé, sílíìkì ni, bẹ́ẹ̀ ni omijé kì í kúrò lára sílíìkì. Ẹ̀rín ló fi parí ẹkún náà.

Ẹni tó wá kọ́ ọ ní ìṣirò ni ọmọbìnrin kan tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì, tí wọ́n ń pè ní Onígíláàsì. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni. Gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Ọmọ náà mọ ìṣirò débi pé tí o bá bi í ní nǹkan, á ti dáhùn kó o tó sọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n kò di púláyà mú rí láyé rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ ọ̀gá wọn wá so àwọn méjèèjì pọ̀. Wọ́n á jọ ṣe ẹ́ńjìnnì kan tí á máa yí abẹ̀bẹ̀ irin tó ń ti ọkọ̀ lọ nínú omi.

Òfin tó wà níbẹ̀ rèé, òun ló sì mú kí gbogbo wa máa sùn ká máa jí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ní ìparí ọdún àkọ́kọ́, olùyẹ̀wò mẹ́ta á dúró ti kòtò omi onísìmẹ́ńtì tó wà lẹ́yìn yàrá ẹ̀rọ wọn. Ẹ́ńjìnnì náà gbọ́dọ̀ yí abẹ̀bẹ̀ nínú omi fún wákàtí kan gbáko láìdúró, ooru rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ kọjá ọgọ́rùn-ún lójú ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru. Ẹni tí tirẹ̀ bá yí á wọ ọdún kejì. Ẹni tí tirẹ̀ ò bá yí, wọ́n á fún un ní ìwé kékeré kan, á máa lọ sílé. Wọn kì í gba èèyàn padà. Bàbá Kékeré gbọ́, ó ní ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ó ní bó bá yí, ó dáa, bí kò bá yí, ó mọ ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà, òun ò sì fẹ́ gbọ́ ìtàn mìíràn lẹ́yìn ìyẹn.

Mo máa ń gbé oúnjẹ lọ fún wọn níbẹ̀, nítorí náà mo mọ yàrá ẹ̀rọ yẹn dáadáa. Tábìlì gígùn mẹ́rin ló wà níbẹ̀, iná funfun lókè, òórùn fáníìṣì, ààrò onírin kan tí wọ́n fi ń yan kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tí wọ́n ti wé. Ìwé ńlá kan so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn pẹ̀lú okùn. Ìwé àṣìṣe ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ba nǹkan jẹ́ tàbí tó ṣe nǹkan tì, ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àti bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà tún un ṣe. Mo kà á díẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹnì kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun yan kọ́ìlì pọ̀ mọ́ búrẹ́dì òun.

Ẹ́ńjìnnì tiwọn jẹ́ irin róbótó tó ṣófo nínú, eyín méjìlá ló wà nínú rẹ̀ yí ká. Ìdí eyín kọ̀ọ̀kan ni wọ́n á wé wáyà sí, ní ìgbà méjìdínlọ́gọ́rin. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wé mẹ́fà fúnra rẹ̀. Àbúrò mi fi ọjọ́ méjì wé tirẹ̀ tán. Onígíláàsì lo ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Àbúrò mi á ní, "Ṣé wáyà lò ń wé ni, àbí irun lò ń dì?"

Ọmọ náà ò ní gbójú sókè. Á ní, "Màmá, ẹ jẹ́ n dì í kó dáa. Òde ló ń lọ."

Wọ́n so gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n da fáníìṣì lé e, wọ́n yan án. Ọjọ́ tí wọ́n máa tan án, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́. Àbúrò mi tẹ bọ́tìnì. Ẹ́ńjìnnì náà kò yí. Ó kùn, ó gbọ̀n, ó rìn díẹ̀ sí ọ̀tún, ó padà sí òsì bí ẹni tí ènìyàn méjì ń fà lápá. Láàárín ìṣẹ́jú kan, òórùn fáníìṣì ti gba gbogbo yàrá, wọ́n sáré pa á. Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù kí àwọn olùyẹ̀wò dé.

Wọ́n gbé mítà tí wọ́n fi ń yẹ wáyà wò sí i. Mítà yẹn kì í ṣe kékeré, ó ní iná, ó ń kọ nọ́ńbà. Kọ́ìlì méjèèjìlá jọra wọn bí ìbejì, kò sí èyí tó já, kò sí èyí tó kan irin. Wọ́n tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Wọ́n fi gbogbo ọ̀sẹ̀ wo bátìrì, wọ́n wo pátákó tó ń darí iná, wọn ò rí nǹkan kan.

Ibí yìí ni àbúrò mi ti ṣe ohun tí kò dáa. Ó jókòó, ó rò ó, ó sọ fún ara rẹ̀ pé wáyà tí òun ń wé láti ogún ọdún kò lè ṣi òun lọ́wọ́ lónìí. Tí àṣìṣe bá wà, ọwọ́ ọmọ tó lo ọjọ́ mẹ́sàn-án ló ti wá. Ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tí Onígíláàsì ò sí níbẹ̀, ó tú ọ̀kan nínú kọ́ìlì ọmọ náà dànù, ìkẹwàá nínú eyín méjìlá yẹn, ó sì tún un wé fúnra rẹ̀. Ó tan ẹ́ńjìnnì náà. Ó ṣì ń kùn. Ibẹ̀ ni Onígíláàsì ti wọlé bá a. Ó rí wáyà tirẹ̀ lórí ilẹ̀, tó ti lọ́ wúruwùru.

Kò pariwo. Ó ṣí gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó ní, "Màmá, ẹ ò tiẹ̀ bi mí." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Àbúrò mi pè é lórí fóònù títí, kò gbé e.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, àbúrò mi gbé irin róbótó náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó gbé e lé tábìlì ìgéṣọ, ó mú púláyà. Ó ní òun máa tú márùn-ún tó kù tí ọmọ náà wé, kí òun wé gbogbo rẹ̀ tán kó tó di Ọjọ́bọ̀ tí àwọn olùyẹ̀wò ń bọ̀. Mo wò ó, ojú rẹ̀ ti wọnú. Mi ò mọ nǹkan kan nípa wáyà, ṣùgbọ́n mo mọ ojú ẹni tó fẹ́ tú aṣọ tí kò yẹ kó tú. Mo ní kó jókòó ná. Kò jókòó.

Bàbá Kékeré ló tẹrí ba wọlé. Èsì ló wá gbà. Ẹnì kan ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ta ṣọ́ọ̀bù náà fún òun, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá kó gbà tàbí kó dúró de àbúrò mi. Ó rí irin náà lórí tábìlì, ó gbàgbé ọ̀rọ̀ tó bá wá. Ó fọwọ́ pa kọ́ìlì, ó ní ọwọ́ àbúrò mi ò tíì bàjẹ́, pé ilé ìwé ò rí i bà jẹ́ tán. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, torí àbúrò mi ò fẹ́ sọ ọ́.

Bàbá Kékeré ní, "Kí ni abẹ́rẹ́ wí?"

Àbúrò mi ń wo púláyà ọwọ́ rẹ̀.

"Mo ní kí ni abẹ́rẹ́ wí. Àbí ẹ da fáníìṣì lé e láìbi abẹ́rẹ́?"

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá Kékeré, wọn kì í da fáníìṣì lé iṣẹ́ kankan kí wọ́n tó bi abẹ́rẹ́ léèrè. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ lásán ni. Wọ́n á fi òòfà pa á lára títí abẹ́rẹ́ náà á fi di òòfà kékeré, wọ́n á fi òwú so ó ní àárín kó lè yí bó ṣe wù ú. Wọ́n á wá fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì fún kọ́ìlì kan ní iná díẹ̀, wọ́n á gbé abẹ́rẹ́ sún mọ́ ọn. Tí kọ́ìlì yìí bá fa ojú abẹ́rẹ́, ìyẹn ihò tí òwú ń gbà kọjá, mọ́ra, gbogbo ìyókù gbọ́dọ̀ fa ojú abẹ́rẹ́. Tí ọ̀kan bá fa ẹnu rẹ̀ tó mú, òdì ni wọ́n wé e. Mítà ò lè sọ ìyẹn. Mítà á kàn sọ pé wáyà náà pé ni.

Àbúrò mi mọ èyí bí ẹni mọ orúkọ rẹ̀. Ó sọ fún wa níkẹyìn pé ojú ló ti òun. Ó ní ní yàrá tí gbogbo nǹkan ti ń tan iná tó ń kọ nọ́ńbà, òun ò lè dúró láàárín àwọn ọmọ yẹn kóun máa fi abẹ́rẹ́ jó lórí òwú. Bàbá Kékeré wò ó, ó wo èmi, ó ní kí n wá abẹ́rẹ́.

Mo fún wọn ní abẹ́rẹ́ tó gùn jù. Mo yọ bátìrì inú tọ́ọ̀ṣì mi. Èmi ni mo di òwú náà mú. Àbúrò mi ń fi bátìrì kan wáyà, ó ń lọ láti eyín dé eyín. Àkọ́kọ́, tirẹ̀ ni, ojú abẹ́rẹ́ lọ. Èkejì, ojú. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tirẹ̀, ojú. A dé ti Onígíláàsì. Ìkeje, abẹ́rẹ́ náà yí po, ẹnu ló lọ. Ìkẹjọ, ẹnu. Ìkẹsàn-án, ẹnu.

Bàbá Kékeré ti ń mi orí. Ó ní, "Ọmọ náà ló wé òdì. Ó tán."

Àbúrò mi sún sí ìkẹwàá. Abẹ́rẹ́ yí padà, ojú ló lọ. Ó sún sí ìkọkànlá, ẹnu. Ìkejìlá, ẹnu. Ó padà sí ìkẹwàá, ojú. Mo rí i tó fi púláyà sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ìkẹwàá ni èyí tó tú lọ́jọ́ Sátidé, tó tún wé fúnra rẹ̀. Ibi tí eyín náà wà ò yí padà, wáyà ò yí padà, àwòrán tí wọ́n ń wò ò yí padà. Ọwọ́ nìkan ló yí padà. Méje ló jẹ́ tirẹ̀ báyìí, márùn-ún jẹ́ ti ọmọ náà. Méje ń lọ síbí, márùn-ún ń lọ sọ́hùn-ún.

Ó mú ìwé àwòrán jáde nínú báàgì, ó tẹ́ ẹ lé orí tábìlì. Ó wò ó pẹ́. Ó gbé irin náà, ó dojú rẹ̀ dé, ó tún wò ó. Ó wá ní, "Ọ̀dọ̀ ọ̀pá ni wọ́n dúró sí tí wọ́n fi ya á."

Ó ṣàlàyé fún mi lẹ́ẹ̀mẹta kó tó yé mi. Irin róbótó yẹn ní ojú méjì. Ojú kan ni wáyà ti ń jáde, ojú kejì ni ọ̀pá tó ń yí abẹ̀bẹ̀ ti ń jáde. Ní ṣọ́ọ̀bù, bí wọ́n bá ṣe gbé iṣẹ́ dé, ojú tí wáyà wà ló máa ń dojú kọ ẹ́, ọ̀pá á wà lódìkejì. Láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ ló ti ń wò ó, kò sì rò ó rí pé ibòmíràn wà tí èèyàn lè dúró sí. Ní ilé ìwé, ìhà ọ̀pá ni wọ́n ti ń wò ó. Ohun tó wà lọ́tùn-ún lójú tirẹ̀, òsì ni lójú wọn. Onígíláàsì ò mọ ṣọ́ọ̀bù kankan, ìwé nìkan ló mọ̀, ó sì ka ìwé náà bó ṣe yẹ kó kà á. Tó bá jẹ́ àbúrò mi nìkan ló wé méjèèjìlá, ẹ́ńjìnnì náà ì bá yí. Tó bá jẹ́ ọmọ náà nìkan, ì bá yí.

Inú bí Bàbá Kékeré. Ó ní ta ló ń ti ẹ̀yìn wo nǹkan, pé ojú tí wáyà wà ni ojú ẹ́ńjìnnì, ojú kejì ni ìdí rẹ̀. Ó ní kí wọ́n sọ fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn pé òun wí bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi ò gbọ́ ọ mọ́, ó ti ń wá bàtà rẹ̀.

Àwa méjì la rìn lọ sílé Onígíláàsì. Kò jìnnà, òpópónà kẹrin sí tiwa, ilé alájà méjì tí wọ́n sá aṣọ sí gbogbo fèrèsé rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n bá a sọ ọ́, torí mo mọ̀ pé kò rọrùn fún ẹni tó tó ọmọ bí láti máa bẹ ọmọ. Ó ní rárá. Ọmọ náà jáde sí wa lórí àtẹ̀gùn, ó kúnlẹ̀ kí wa, ó dìde, kò wo ojú àbúrò mi.

Àbúrò mi ní, "Tìrẹ ló dáa. Tèmi ló ṣì. Mo tú iṣẹ́ rẹ láìbi ọ́, torí mo rò pé ọwọ́ mi ò lè ṣì. Má bínú sí mi."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí ka aṣọ tí wọ́n sá. Ọmọ náà wá bèèrè pé, "Màmá, ìkẹwàá lẹ tú, àbí?"

"Ìkẹwàá ni."

"Ìyẹn gan-an ló dáa jù nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mo ti ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá mi."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu àbúrò mi kó tó lè dá a dúró, ọmọ náà náà bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ó sì wọlé lọ mú báàgì rẹ̀.

Wọn ò ní láti tú nǹkan kan. Ìbẹ̀rẹ̀ wáyà kọ̀ọ̀kan àti ìparí rẹ̀ ni wọ́n kàn máa pààrọ̀ ara wọn, iná á sì máa gba ibi tó yẹ kó gbà. Bàbá Kékeré ní kí wọ́n pààrọ̀ márùn-ún ti ọmọ náà, torí ó kéré sí méje. Àbúrò mi ní méje tòun ni wọ́n máa pààrọ̀, kí ẹni tó bá mú àwòrán náà lọ́wọ́ lè rí ohun tó wà níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ha fáníìṣì tó ti gan mọ́ orí wáyà kúrò, èékánná wọn fọ́. Onígíláàsì ló ń fi iná jó òjé mọ́ orí wáyà, tó sì ń fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ oúnjẹ ọmọ. Wọ́n sì bi abẹ́rẹ́ níbẹ̀, lójú gbogbo kíláàsì. Mo gbọ́ pé àwọn ọmọ yẹn pé jọ, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, àfi ọ̀kan tó ní kí wọ́n jẹ́ kóun di òwú mú.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àbúrò mi lọ sí ìdí ìwé àṣìṣe, ó kọ ọ́ síbẹ̀. Ó kọ ọ́ gùn. Ó kọ pé òun ka àwòrán láti ìdí wáyà, pé òun tú iṣẹ́ ẹnìkejì òun láìsọ fún un, pé òun sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi abẹ́rẹ́ dá a mọ̀ kí fáníìṣì tó gbẹ, ṣùgbọ́n òun kò ṣe é nítorí ìtìjú. Ọ̀jọ̀gbọ́n kà á ní ìdúró, ó pa ìwé náà dé, ó sì jáde. Àbúrò mi dé ilé, ó ní òun ti kọ ìwé ìlélọ òun fúnra òun nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀ dé. Mo ti ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Kékeré wọ bàtà tí mi ò rí lẹ́sẹ̀ rẹ̀ láti ọdún tí ọmọ rẹ̀ ṣègbéyàwó. A dúró lẹ́yìn okùn tí wọ́n ta síbẹ̀. Àwọn olùyẹ̀wò mẹ́ta jókòó sórí àga, Ọ̀jọ̀gbọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àbúrò mi tẹ bọ́tìnì.

Mi ò kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ti yí. Mò ń retí ariwo. Omi ni mo rí tó wú lẹ́yìn abẹ̀bẹ̀, tó ń lọ ní ìlà kan gbọọrọ títí dé ògiri kejì tó sì ń padà bọ̀. Bàbá Kékeré ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ní ogún ìṣẹ́jú, ooru rẹ̀ wà ní àádọ́rin. Ní ogójì, ó dé méjìdínláàádọ́rùn-ún. Olùyẹ̀wò kan bi Onígíláàsì ní ìbéèrè, ọmọ náà sì dá a lóhùn láìyọ ojú kúrò lára nọ́ńbà ooru. Ní àádọ́ta ìṣẹ́jú, ó dé mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Àbúrò mi ká ọwọ́ sẹ́yìn. Mo rí ìka rẹ̀ tí ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bíi pé ó ń wé wáyà tí kò sí níbẹ̀. Márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Ó dúró síbẹ̀. Mo rò pé ó ti pin, ó tún gun mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Bàbá Kékeré, ẹni tó ti ń sọ láti ọdún kan pé kó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ló ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé, "Dúró níbẹ̀. Dúró níbẹ̀, ìwọ ẹ̀rọ yìí."

Wákàtí kan pé ní mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Wọ́n pa á.

Àwọn olùyẹ̀wò forí korí. Ọ̀kan nínú wọn ní ooru náà ga jù fún ọkọ̀ tó máa gbé èèyàn, pé wọ́n gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe sí i ní ọdún kejì. Àbúrò mi ní, "Ọdún kejì, sà?" Onítọ̀hún ní bẹ́ẹ̀ ni, ọdún kejì, ṣé kò fẹ́ ni. Mi ò gbọ́ ìdáhùn rẹ̀, torí Onígíláàsì ti dì mọ́ ọn lọ́rùn, gíláàsì rẹ̀ sì jábọ́ sínú kòtò omi. Olùkọ́ kan ló ká ṣòkòtò sókè tó wọ inú omi lọ mú un.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wá sọ fún àbúrò mi pé òun ti fi ọ̀rọ̀ kan kún àwòrán náà, pé láti ìhà ọ̀pá ni kí wọ́n ti wò ó. Ó ní kò sí nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ torí kò sẹ́ni tó tíì ronú pé èèyàn lè ti ibòmíràn wò ó. Bàbá Kékeré ti sún mọ́ wọn. Ó ní kí Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣàlàyé fún òun, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ìdí tí wọ́n fi ń ti ẹ̀yìn wo ẹ́ńjìnnì. Wọ́n fi ìdajì wákàtí jà á, kò sẹ́ni tó gbà fún ẹnìkejì. Mo kó abọ́ mi.

Nígbà tí à ń lọ sílé, Bàbá Kékeré ní òun á ta ṣọ́ọ̀bù náà fún ẹni tó ń bèèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n tábìlì àti àga òun ò sí nínú ohun tí òun ń tà. Àbúrò mi ní kó gbé wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹnikẹ́ni ò bi mí bóyá àyè wà. Mo ní kí wọ́n gbé e wá.

Àbúrò mi ti wọ ọdún kejì báyìí. Ojú omi gan-an ni wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnnì náà lọ, wọ́n sì ti rí awakọ̀ kan tó gbà kí wọ́n dè é mọ́ ọkọ̀ tirẹ̀, ọkùnrin arúgbó kan tó ti ń fi ẹ́ńjìnnì eléèéfín kó èèyàn sọdá láti kékeré. Ó wá wò ó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n tan án fún un, ó tẹ́tí, ó ní kí wọ́n tan án. Wọ́n ní ó ti ń ṣiṣẹ́. Ó bi àbúrò mi pé báwo ni àwọn èrò á ṣe máa mọ̀ pé òun ń bọ̀.

Àbúrò mi ní, "Bàbá, ẹ máa kọrin."

Ọkùnrin náà ní kò burú, òun mọ orin mẹ́ta.